Orí Keje: Ẹ̀rọ Tí A Ti Tà Tí Olùrà Kò Wá Gbé

Orí yìí wà fún ẹni tó ta ẹ̀rọ tó wúwo, tó ti gba owó, tí ẹ̀rọ náà sì ṣì wà ní àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́jọ, ọdún kan. Ó lè jẹ́ ẹ̀ńjìnnì Lister tó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ èkùrọ́, ẹ̀rọ ìfúnpo, jẹnẹrétọ̀ ńlá, tàbí ẹ̀rọ ìlagi tí ẹnì kan fẹ́ gbé lọ sí sọ́míìlì rẹ̀. Ní Ìdànrè, ẹ̀yìn ilé àwọn wẹ́dà àti ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó tà á ń wò ó láràárọ̀. Ó gba àyè, ó ń dógùn-ún, àwọn ọmọdé ń gun orí rẹ̀, àwọn oníbàárà tuntun sì ń béèrè iye tó fẹ́ tà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú orí yìí nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ èyí tó tọ́ sí ẹni tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ tán yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó tọ́ sí ẹni tó ti gba gbogbo owó rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ti kó sí wàhálà gan-an nìyẹn.

Kí ló ń dá wọn dúró?

Ẹ má tètè ka olùrà sí oníjìbìtì. Ẹni tó ti san owó kò rí èrè kankan nínú kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ní ìlú kòkó bíi tiwa, ìdí àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò ni àsìkò. Owó ńlá máa ń wọlé láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejì, nígbà tí kòkó bá ń jáde dáadáa, ìgbà náà sì ni àgbẹ̀ máa ń ra ẹ̀rọ. Ó san owó lóṣù kejì, ó ní òun máa wá gbé e tí òun bá ti ṣe ìpìlẹ̀ kọnkéré tí yóò jókòó lé. Kí kọnkéré tó gbẹ, òjò oṣù kẹrin ti dé, ọ̀nà abà ti di ẹrọ̀fọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé irin tó wúwo gba ibẹ̀. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, owó tó yẹ kó fi gbé ẹ̀rọ ti bá owó ilé-ìwé lọ. Ó wá di ìgbà kòkó mìíràn.

Àwọn ìdí mìíràn wà: alájọṣe tí wọ́n jọ fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ti yọwọ́, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò jáde, àìsàn, ikú. Nígbà mìíràn, ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀rọ náà, ojú sì ń tì í láti sọ fún yín. Ẹ wádìí, nítorí ìdí ló ń sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Olùrà tí kò rí ọkọ̀, ẹ lè bá a wá ọkọ̀. Èyí tí kò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ lè bá a wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpè méjì tàbí ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yọjú sí i nílé ti parí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Ta ló ni ẹ̀rọ náà báyìí?

Òfin tó ń darí títà ọjà níhìn-ín ti pẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é ní 1893, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 1959, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì jogún rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1976. Ohun tó sọ nípa ẹni tó ni ọjà máa ń ya ọ̀pọ̀ olùtà lẹ́nu. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kan pàtó, tí ẹ sọ pé “èyí ni mo tà fún ọ,” tí òun náà sì gbà, tí ẹ̀rọ náà sì ti ṣe tán fún gbígbé, ẹ̀rọ ti di tirẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti fẹnu kò, yálà ó ti san owó tán tàbí kò tíì san, yálà ó ti gbé e tàbí kò tíì gbé e. Àfi bí ẹ bá jọ ṣe àdéhùn mìíràn ni ọ̀rọ̀ yóò fi yàtọ̀.

Ó ní ibi kan tí ó ti yàtọ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàrin wa. Bí olùrà bá sọ pé, “Ẹ bá mi pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹ sì tún kíráńkì rẹ̀ ṣe kí n tó wá gbé e,” ẹ̀rọ náà kò tíì di tirẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ náà, tí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti parí. Olùtà tó ṣe àtúnṣe tán tí kò pe olùrà, tó wá ń bínú pé kò wá, ara rẹ̀ ni kó bi. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni nǹkan ni ewu rẹ̀ ń gbé. Ká ní iná jó ṣọ́ọ̀bù, tàbí àgbàrá tó ń ya wálẹ̀ láti orí àpáta gbé ẹ̀rọ náà ṣubú, ẹni tó ni ín ló pàdánù. Òfin fi kún un pé bó bá jẹ́ pé ẹ̀bi ẹnì kan ló fa ìdádúró, orí ẹni náà ni òfò tí ìdádúró bá fà yóò wà. Ìyẹn dára fún olùtà tó ti pe olùrà títí. Ṣùgbọ́n kò tú yín sílẹ̀ kúrò nínú ìtọ́jú: ẹrù ẹlẹ́rù ló wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ fún olè tàbí fún òjò láìbìkítà, ẹ óò dáhùn fún un.

Ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ títà

Bí ẹ kò bá tíì tà, ibí yìí ni ẹ ti lè fi iṣẹ́jú mẹ́wàá gba ara yín lọ́wọ́ ìjà ọdún méjì. Risíìtì tí a kọ “ẹ̀rọ kan, owó ti pé” sí kò tó. Ẹ kọ irú ẹ̀rọ náà, nọ́ḿbà tó wà lára irin rẹ̀, ipò tó wà, iye tó jẹ́, iye tó wọlé, àti orúkọ olùrà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ló fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ pé nítorí olùrà ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé tí olùrà bá kú tàbí tí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àlẹ́ẹ̀tì báńkì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ pé òun ló ni ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbólóhùn bí ìwọ̀nyí sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì àti ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i:

“Olùrà yóò wá gbé ẹ̀rọ yìí kí ọjọ́ ............ tó kọjá. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, yóò máa san ₦............ lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú àti àyè. Bí oṣù ............ bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá yìí, tí olùtà sì ti fún olùrà ní ìwé ìfilọ̀ ọjọ́ 21, olùtà ní ẹ̀tọ́ láti ta ẹ̀rọ náà, kí ó yọ owó tó bá tọ́ sí i, kí ó sì dá ìyókù padà fún olùrà. Bí olùrà kò bá sí nílé, ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ ni ............, nọ́ḿbà fóònù ............”

Gbólóhùn tó fún yín ní ẹ̀tọ́ láti tún un tà ló níye lórí jù níbẹ̀. Òfin fàyè gbà á kí olùtà fi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú àdéhùn, ó sì ń yanjú ọ̀ràn tí ó le jù nínú orí yìí, ìyẹn ọ̀ràn ẹni tó ti san owó tán. Ẹ dá ọjọ́ tí agbára olùrà ká. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ sọ pé owó kòkó ni òun ń retí, ẹ má kọ oṣù kẹfà sí i.

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló ra ẹ̀rọ, ẹ gba orúkọ àti ìbuwọ́lù alága, akọ̀wé àti akápò. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ máa ń yí padà, àwọn tuntun sì lè sọ pé àwọn kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ kankan.

Bí owó bá ṣẹ́kù

Olùtà tí owó rẹ̀ kò tíì pé ní agbára tó pọ̀. Bí ẹ kò bá tà á láwìn, ẹ lè di ẹ̀rọ mú títí yóò fi san èyí tó kù, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti di tirẹ̀ lójú òfin. Ẹ sì lè tún un tà bí ẹ bá ti fún un ní ìfilọ̀ pé ẹ fẹ́ tà á, tí ẹ fún un ní àkókò tó tọ́ láti wá san, tí kò sì san. Ìfilọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á ní, “Mo pè é títí, kò gbé e.” Ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé kò sọ fún olùrà pé ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

“Sí ............................

Ní ọjọ́ ............ mo ta ẹ̀rọ ............ tó ní nọ́ḿbà ............ fún yín ní ₦............ Ẹ ti san ₦............, ó ku ₦............ Ọjọ́ tí a jọ fi sí i pé ẹ óò gbé e ni ............, ó sì ti kọjá. Ẹ̀rọ náà wà ní ............, ó ti ṣe tán fún gbígbé láti ọjọ́ ............

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ wá san owó tó kù, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà kí ọjọ́ ............ tó kọjá. Bí ohun kan bá dí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí mi ò bá gbúròó yín, n óò ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíì. N óò yọ òfò tó bá bá mi àti owó ìtọ́jú kúrò nínú owó tí ẹ ti san, èyí tó bá ṣẹ́kù yóò padà sọ́wọ́ yín.

Orúkọ, ìbuwọ́lù, ọjọ́.”

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ ya ọ̀kan ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ pa ẹ̀kẹta mọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó wá láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ní kóòtù, ṣùgbọ́n abala 84 rẹ̀ ní ohun tó ń béèrè kí wọ́n tó gbà á, nítorí náà ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà tutù. Kò sí èébú, kò sí “màá fi ọlọ́pàá gbé ọ.” Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó ba àdéhùn jẹ́ lásán. Ẹni tó bá kó ọlọ́pàá lọ sílé olùrà nítorí owó tó ṣẹ́kù ti fún olùrà náà ní ẹjọ́ tí yóò pè.

Ọjọ́ mélòó ni àkókò tó tọ́? Òfin kò dá iye. Ó wà lọ́wọ́ irú ọjà náà, ọ̀nà tó jìn sí olùrà, àti ohun tí ẹ jọ sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò burú. Ẹni tí ọ̀nà abà rẹ̀ kún fún omi lóṣù keje nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, adájọ́ tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò sì rí i bẹ́ẹ̀.

Àsansílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùtà gbà pé ó ti di tiwọn nígbà tí olùrà kò wá. Bó bá wà nínú ìwé pé owó náà jẹ́ ìdúró fún àdéhùn, tí yóò sì sọnù bí olùrà bá yẹ̀, ẹ lè mú un dání. Bó bá jẹ́ apá kan owó ọjà lásán, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ òfò yín. Bí ẹ bá tún ẹ̀rọ náà tà, tí owó rẹ̀ tilẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, irú àsansílẹ̀ yìí ṣì jẹ́ ti olùrà.

Bó bá ti san gbogbo owó rẹ̀

Ẹ rọra níbí. Ẹni tí owó rẹ̀ ti pé kò sí lára àwọn tí òfin fún ní ẹ̀tọ́ láti tún ọjà tà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1977 gba ẹni tí ẹrù ẹlẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè láti tà á lẹ́yìn ìfilọ̀, kó sì pa owó rẹ̀ mọ́ fún ẹni tó ni ín. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa: àwọn òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí Nàìjíríà gbà ni èyí tó ti wà kí ọdún 1900 tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ́bodè ní òfin tó fún un lágbára láti fi ẹrù tó pẹ́ jù ní èbúté lu gbàǹjo. Ẹ̀yin kò ní irú rẹ̀. Bí ìwé àdéhùn yín kò bá fún yín ní ẹ̀tọ́ náà, tí ẹ sì tà á, nǹkan oníǹkan ni ẹ tà, olùrà sì lè gba iye tí ẹ̀rọ náà tó lónìí lọ́wọ́ yín, kì í ṣe iye tó san nígbà náà.

Ìyàtọ̀ iye méjèèjì yẹn ló ń fa ìdánwò. Kí wọ́n tó jẹ́ kí náírà wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Lóṣù kejì ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ gbówó lórí bẹ́ẹ̀ náà. Olùtà tó ta jẹnẹrétọ̀ lọ́dún 2022, tí olùrà sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ ti di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta owó tó gbà. Ọkàn á sọ fún un pé kó dá owó àkọ́kọ́ padà, kó sì ta ẹ̀rọ náà ní iye tuntun. Èrè yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó san owó rẹ̀ nígbà tí owó níye lórí ló ni ín, mo sì rò pé bí kò tilẹ̀ sí òfin kankan, ẹ̀rí ọkàn ẹni tó ń tajà ní ìlú tí wọ́n ti mọ bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó sùn.

Ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ni owó ìtọ́jú. Òfin sọ pé bí olùtà bá ti ṣe tán láti fi ọjà lé olùrà lọ́wọ́, tó sì ti ní kó wá gbé e, tí kò wá lákòókò tó tọ́, olùrà yóò san òfò tí èyí bá fà àti owó tó bójú mu fún ìtọ́jú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá ní kó wá gbé e, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ṣe pàtàkì níhìn-ín náà. Owó tó bójú mu ni iye tí ẹlòmíì ní àdúgbò yín yóò gbà fún irú àyè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó tí ẹ ná gan-an: tapólì, gírísì, owó ọdẹ. Ẹ má fi owó ìtọ́jú gbẹ̀san.

Kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, ìjọba tiwa gan-an ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Gowon, Nàìjíríà ra sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ní 1975, ọkọ̀ òkun tó ju 300 lọ ló ń dúró lójú omi, owó ìdádúró ń gorí owó, ọ̀rinrin sì ń sọ sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú àpò. Ilé-iṣẹ́ kan láti Switzerland, Trendtex, tó ní 240,000 tọ́ọ̀nù láti kó wá, pe Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní London nítorí owó ọjà àti owó ìdádúró. Ní 1977, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé báńkì náà kò lè tìtorí pé ti ìjọba ni kó má dáhùn. Ní ọdún àìpẹ́, ilé-iṣẹ́ TCN tó ń gbé iná mànàmáná káàkiri ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kọ́ńtẹ́nà ohun èlò tó ti ra, tó há sí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjà tí a kò gbé ń jẹ owó ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà nílẹ̀.

Bí lẹ́tà méjì bá ti lọ, tí olùrà tó ti sanwó tán kò sì dáhùn, ẹ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ lè gbà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí pẹ̀lú ẹni tó dúró fún un, kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé rẹ̀ kí ó san owó ọkọ̀. Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀, nítorí ẹni tí kò dá lọ́yà lóhùn sábà máa ń dá ìjòyè lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí kóòtù, kí ẹ gba owó ìtọ́jú, kí ẹ sì bẹ adájọ́ kó pàṣẹ ohun tí ẹ óò fi ẹ̀rọ náà ṣe. Àṣẹ kóòtù nìkan ló lè fọkàn yín balẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín kò bá sí láti fọwọ́ sí nǹkan kan.

Títọ́jú ẹ̀rọ títí yóò fi lọ

Ọjọ́ tí ẹ bá ti tà á ni kí ẹ yà á ní fọ́tò láti gbogbo ìhà, kí ẹ ṣe fídíò rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ḿbà ara rẹ̀ hàn. Ẹ fi ọ̀dà kọ “A TI TÀ” sí i lára, pẹ̀lú orúkọ olùrà. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kó jókòó sórí pákó tó nípọn tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ bò ó pẹ̀lú tapólì, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ máa wọ abẹ́ rẹ̀: tapólì tí a dì pinpin ń há ooru àti omi mọ́lẹ̀, irin á sì máa làágùn nínú rẹ̀ títí yóò fi dógùn-ún.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ńjìnnì olómi, ẹ da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ dí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kí òjò, eku àti agbọ́n má wọ ibẹ̀. Ẹ kán ọ́yìlì díẹ̀ sínú sílíńdà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra kí pístìnnì má bàa di mọ́ ara sílíńdà. Dísù tó pẹ́ nínú táǹkì máa ń kó omi jọ. Ẹ fà á jáde, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún olùrà. Ẹ dẹ bẹ́líìtì. Ẹ fi gírísì pa gbogbo ibi tí irin ti ń dán.

Ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ rí ń fẹ́ ìwẹ̀ kó tó sinmi. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó ń jẹ irin, bẹ́ẹ̀ náà ni epo tó ti pẹ́ nínú ẹ̀rọ ìfúnpo. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó fi gírísì pa á. Mọ́tọ̀ oníná tó wà níta láti ìgbà òjò, ẹ má tan án kí oníṣẹ́ iná tó yẹ̀ ẹ́ wò pé inú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ má lò ó. Oníbàárà á wá, ẹ̀rọ tiyín á bàjẹ́, ẹ óò sì wo ti olùrà tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni ẹ óò pè é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni gbogbo àléébù tó bá wà lára rẹ̀ ti di ẹ̀bi yín. Ẹ má sì yọ ohunkóhun lára rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn, kódà bóòtù kan. Àwọn tó ń ra irin kòǹdẹ́ẹ̀mù náà ń bọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ yín dáadáa.

Bí olùrà bá ti kú

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó pẹ́ nílẹ̀, ikú ló fà á. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni ẹ óò gbọ́ ọ, tàbí kí ọmọ kan kàn dé pẹ̀lú ọkọ̀ pé òun wá gbé ẹ̀rọ bàbá òun. Ẹ bá a kẹ́dùn, kí ẹ fún un ní omi, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀rọ fún un. Lójú òfin, ẹni tí ilé-ẹjọ́ gíga fún ní ìwé láti bójú tó dúkìá olóògbé ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tàbí àwọn tí ìwé ìhágún rẹ̀ bá yàn. Nílé wa, ọ̀pọ̀ ẹbí kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olórí ẹbí, aṣojú ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti dàgbà fọwọ́ sí ìwé kan níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí yóò gbé e, kí ẹni náà sì lọ búra sí i ní kóòtù. Pínpín ogún lè jẹ́ ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, tàbí orí-òjorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, kò kàn yín. Ohun tó kàn yín ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má padà wá bi yín léèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ pé gbèsè ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ fi ìwé hàn wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Ẹ̀tọ́ yín láti di ẹ̀rọ mú títí owó yóò fi pé kò kú pẹ̀lú olùrà. Ṣùgbọ́n ìfilọ̀ pé ẹ fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró fún un, ẹ sì fún wọn ní àyè kí ìsìnkú parí.

Ọjọ́ tó bá wá

Ẹ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ àti risíìtì rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló rán, kí ẹ gba ìwé àṣẹ tó fọwọ́ sí, kí ẹ sì pè é lórí nọ́ḿbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹni tó wá bá kà fún yín. Ẹ tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀ bó bá ṣeé tàn, kí ẹ ṣe fídíò rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ọjọ́ títà hàn án, kó rí i pé ohun tó rà ló ń gbé.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀bẹ̀, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dín in fún ẹni tí àìsàn tàbí òjò dá dúró, ṣùgbọ́n kí iye tí ẹ bá gbà wà lórí risíìtì. Kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gba ẹ̀rọ náà ní ipò tó wà, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí awakọ̀ kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Gbígbé e sórí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé bá sọ pé yóò ṣe é. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹ pinnu rẹ̀ kí àwọn alábàárù tó fọwọ́ kan irin, nítorí bí ẹ̀rọ bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọdún tí ẹ fi tọ́jú rẹ̀ kò ní lè gbà yín. Ẹ fún un ní ẹ̀dà gbogbo ìwé náà, kí ẹ sì kó tiyín sínú fáìlì kan pẹ̀lú lẹ́tà àti fọ́tò, níbi tí eku kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn.